Kẹ̀kẹ́ Márùn-ún Tó Ń Purọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ìwé ìgbìmọ̀ ìlú dé lónìí. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: ti ìjọba àtijọ́, wọ́n fa igi lé e, ti àwọn sójà àjèjì, wọ́n fa igi lé e, àti ti ìjọba tuntun, tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Òfin tuntun ni pé ọkùnrin tó bá ti ogun dé yóò padà sí ẹnu iṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Obìnrin tó bá bá níbẹ̀ yóò kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, yóò fọwọ́ síwèé pé ó mọ̀ ọ́n ṣe, yóò sì máa lọ sílé. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti ní ìlú dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó dáa. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń fún ìlú yìí lómi. Bọ́ǹbù ń bọ́, omi ń lọ. Àwọn sójà àjèjì gba ìlú, omi ń lọ. Wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n sá, omi ń lọ. Ọkùnrin tí mo sì máa kọ́ yìí, ọkọ mi ni. Òun ló ni iṣẹ́ náà kí ogun tó dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló padà wálé, ó gbẹ bí igi ìdáná, inú mi dùn débi pé mo sunkún sí i lọ́rùn. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ mi ló bá wá.

Ìwé àkọsílẹ̀ èédú tí àwọn sójà gbàgbé sílẹ̀ ni mo ń kọ èyí sí. Pépà rẹ̀ dára. Oore kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún wa nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo mú un wọ yàrá ẹ́ńjìnnì. Ó dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí kò léyín lẹ́nu mọ́. Ó béèrè ohun tí a fi so bẹ́líìtì pọ̀, mo ní awọ bàtà sójà ni. Ó béèrè ohun tí a kì mọ́ ẹnu páìpù tí kò fi jò, mo ní fìlà Ọ̀gá Omi ni. Ọ̀gá Omi ni olórí wa níbí, àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n sì dúró tì wá. Wọ́n gbójú sókè wo àjà, nítorí fìlà náà ṣì ń dùn wọ́n.

Mo wá fi kẹ̀kẹ́ irin márùn-ún tí a fi ń ṣí omi hàn án. Orúkọ ibi tí omi ń lọ wà lára ògiri lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: Ilé Ìwòsàn, Ilé Ẹ̀kọ́, Ilé Ìgbìmọ̀, Ọjà, Bárékè. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní ọdún kejì ogun, nígbà tí àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi jẹ ìlú níyà, èmi àti Ìyá Èédú, tó ń kó èédú síná fún wa, gbé búrọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sán gangan, a pa àwọn orúkọ náà dà. Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni ọ̀gá sójà kan dé pé òun máa pa omi ọjà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ tí a kọ Ọjà sí. Omi bárékè wọn ló pa. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò wẹ̀, tí wọ́n ń rò pé àwọn ará ọjà ni òùngbẹ ń pa. Ogun parí, a kò tún un kọ. Ta ni yóò kà á? Ọwọ́ wa mọ ọ̀nà.

Mo ní kí ọkọ mi má ka ohunkóhun lára ògiri yẹn. Kẹ̀kẹ́ tí a kọ Ilé Ìgbìmọ̀ sí ló ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Èyí tí a kọ Ilé Ẹ̀kọ́ sí ló ń lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí tí a kọ Ilé Ìwòsàn sí ló ń lọ sí ilé ìgbìmọ̀, sínú ère ẹja tó máa ń tu omi lẹ́nu níwájú ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìyẹn, nítorí bọ́ǹbù ti gbé orí ẹja náà lọ. Ọjà ni Bárékè, Bárékè ni Ọjà. Ó mirí bí sójà ṣe ń mirí. Mo ti rí irú mímirí bẹ́ẹ̀ rí, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ yé èèyàn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Òjò. Ìjọba tuntun ti sún aago síwájú ní wákàtí kan kí a lè bá àwọn tó ṣẹ́gun dọ́gba. Àbíkẹ́yìn mi, tó wà nínú oyún nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ, wá jí mi pé, "Màmá, àlejò yẹn ti jí." Mo ní bàbá rẹ ni. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà wo ló ń lọ?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa látìgbà tí bọ́ǹbù ti wó ilé wọn. Inú wọn ń dùn láti ọjọ́ Ajé pé ìyàwó ń padà bọ̀ sí ilé ìdáná. Mo se ọbẹ̀ lónìí kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ó jóná. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì dúpẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ dúpẹ́.

Àárọ̀ ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Òórùn ló jí mi. Mo bá ọkọ mi nínú ilé ìdáná, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá, búrẹ́dì mẹ́ta lórí tábìlì. Mo jẹ bíbù kan, mo ní láti jókòó. N kò jẹ irú rẹ̀ rí, kí ogun tó dé tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wá rọra sọ fún mi pé ilé búrẹ́dì àwọn ọmọ ogun lòun wà fún gbogbo ọdún mẹ́rin náà. Ìbọn kan ṣoṣo lòun yìn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, fìlà olùkọ́ ló sì bà. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fẹ́nikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ àwọn nìkan ló gba afárá kan lọ́wọ́ ọ̀tá. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, afárá náà ti di méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Wọ́n fẹ́ tún páìpù ilé ẹ̀kọ́ ṣe kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, Ọ̀gá Omi sì ní kí ọkọ mi pa omi ibẹ̀ fún oṣù kan. Ó wo ògiri, ó rí Ilé Ẹ̀kọ́, ó pa á gbọin-gbọin. Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí olórí nọ́ọ̀sì fi já wọlé, ọṣẹ dé ìgúnpá rẹ̀, ọmọ tuntun méjì ń dúró de omi nílé ìwòsàn. Ó béèrè ta ni ewúrẹ́ tó wà nídìí kẹ̀kẹ́. Ọkọ mi dúró ṣánṣán, ó ní òun ni.

Mo bi í ní kọ̀rọ̀ pé kí ló dé, ṣebí mo sọ fún un.

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀," ló wí.

Ó wá ṣàlàyé. Nínú iṣẹ́ ológun, tí ìwé bá ní kó o yà sọ́tùn-ún, o máa yà sọ́tùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ojú òun kò lè rí nǹkan tí wọ́n kọ kí ara òun má ṣe é. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì ilé wa wá yé mi. Ibùdókọ̀ ojú irin tó wó la ti gbé e wá, Fún Arìnrìn-àjò Nìkan ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, láti ọjọ́ tí ọkọ mi sì ti dé, orí ìdúró ló ti ń jẹun. Ó ní òun kì í ṣe arìnrìn-àjò mọ́.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí kò ní padà mọ́ ògiri ilé ìgbìmọ̀. Orúkọ ọkùnrin tó ni ṣọ́bìrì Ìyá Èédú kí ogun tó dé wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ṣọ́bìrì náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí a fi ṣíwọ́. Ìgbà tí a ń fọwọ́ ló tó ní, "Mo gbàdúrà kí iṣẹ́ yìí má bọ́ lọ́wọ́ mi. Irú ìdáhùn wo wá nìyí?"

Inú garawa kan náà la ti fọwọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ìyẹ̀fun tún gbówó lórí. Èédú wọ́n bí ojú. Wọ́n ti yí orúkọ àdúgbò wa padà lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó ń pín lẹ́tà sì ní òun kò ka orúkọ mọ́, àwọ̀ ilẹ̀kùn lòun ń wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọkọ mi ti mọ̀ ọ́n. Orin ìwọ́de àwọn ọmọ ogun ló sọ ọ́ dà: "Ẹ̀kọ́ di Ìgbìmọ̀, ọ̀tún, òsì! Ìwòsàn di Ẹ̀kọ́, ọ̀tún, òsì!" Tí mo bá pe ibì kan, yóò kọ́kọ́ wo ògiri, yóò kùn ín lábẹ́ ètè, yóò wá lọ sí ibi tó tọ́. Èmi kì í wo ògiri rárá, ọwọ́ mi ló ń mú mi lọ. Òun, orúkọ tó wà níbẹ̀ ló ń yí padà nínú orí rẹ̀. Ogún ìgbà ni mo pè é lónìí, kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Mo pàtẹ́wọ́ fún un tọkàntọkàn, lẹ́yìn náà ni mo jáde lọ dúró sẹ́yìn òkìtì èédú, inú ń bí mi, n kò mọ sí ta ni.

Nígbà tí mo padà, ó fetí lé ara ẹ́ńjìnnì. Ó ní kò dún bẹ́ẹ̀ nígbà tòun. Mo ní àìsí òróró ni. Ó ní rárá.

"Ìwọ ló mọ̀," ló wí. "Kò mọ̀ mí mọ́."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Ìwé ọ̀gá àyẹ̀wò ìjọba dé. Ọjọ́ kẹrìnlá ni ìdánwò ọkọ mi, ọjọ́ kan náà tí ilé ẹ̀kọ́ yóò wọlé tí wọ́n á sì ta àsíá tuntun níwájú ilé ìgbìmọ̀. Ọkọ mi yóò ṣí omi ilé ẹ̀kọ́ níṣojú rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ yóò dúró síta.

Aṣọ àsíá tuntun kò tíì dé, nítorí náà wọ́n fi aró pupa pa ti àtijọ́ láró. Aláró ní kí wọ́n má jẹ́ kí omi kàn án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Mo fẹ́ kọ òótọ́, nítorí ìwé mi ni.

Láàárọ̀ ni mo ṣàdéédé rò ó pé ọ̀gá àyẹ̀wò náà mọ̀wé kà. Yóò dúró ti ọkọ mi létí, yóò nawọ́ sí ògiri, yóò ní ilé ẹ̀kọ́ rèé, ṣí i. Ọkọ mi tí kò lè ko ìwé lójú yóò ṣí i, omi kò ní dé ilé ẹ̀kọ́, wọn á ní kò mọṣẹ́, èmi á sì wà níbi tí mo wà. Kò sí ohun tí mo máa ṣe. Kí n ṣáà má ṣe nǹkan kan ni. N kò rí iṣẹ́ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Inú mi dùn láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Lọ́sàn-án mo rí i tó ń bá ara rẹ̀ kọrin ọ̀tún, òsì, láàárín àgbàlá, ó ń fi ìka ka kẹ̀kẹ́ tí kò sí níbẹ̀. Inú dídùn mi sì tán.

Mo fẹ́ iṣẹ́ mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè fojú rí i: mo fẹ́ iṣẹ́ mi. Mo sì fẹ́ ọkọ mi. Ta ló ní kí n mú ọ̀kan?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Mo tún ògiri kọ. Ìyá Èédú di àkàbà mú. Ọ̀dà funfun ni mo fi pa irọ́ rẹ́, mo fi dúdú kọ òótọ́ lé e, orúkọ márùn-ún, ibi márùn-ún, gbogbo rẹ̀ bó ṣe jẹ́. Ọdún méjì la fi tọ́jú irọ́ yẹn, ó sì tọ́jú wa. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá mọ lẹ́tà lè ṣe iṣẹ́ mi.

Ìyá Èédú wò ó pẹ́. "O ti ta ara rẹ," ló wí. Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé rẹ dáa."

Mo pe ọkọ mi wọlé, mo ní kó gbàgbé orin. Kó máa ka ohun tó wà níbẹ̀, kó sì ṣe é. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó wo ọ̀dà tó wà lápá mi.

"Gbogbo rẹ̀ ti jóòótọ́ báyìí?"

Mo ní gbogbo rẹ̀. A délé. Búrẹ́dì mẹ́fà ló ṣe.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo máa gbìyànjú láti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá àyẹ̀wò dé ní aago mẹ́wàá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé agbòjò wọ inú ilé. Èmi, Ọ̀gá Omi àti Ìyá Èédú dúró síta lójú fèrèsé. Láti ibẹ̀, a ń rí ọkọ mi lápá kan, a sì ń rí ilé ìgbìmọ̀ lápá kejì ní ìsàlẹ̀ òkè: alága ìgbìmọ̀ nínú aṣọ funfun lórí àtẹ̀gùn, àsíá lókè orí rẹ̀, àti ẹja tí kò lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti gba àga iwájú.

Ọ̀gá àyẹ̀wò ka ìwé ọwọ́ rẹ̀: ṣí omi ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ mi kí i bí sójà, ó gbójú sókè wo ògiri. Ó wò ó, ó wò ó. Ó gbé ọwọ́ lé kẹ̀kẹ́ tí mo kọ Ilé Ẹ̀kọ́ sí, ọkàn mi sì balẹ̀, ó sì bà jẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá gbé ọwọ́ kúrò. Mo rí i tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọ̀tún, òsì. Orin burúkú yẹn. Ó rìn lọ sídìí Ilé Ìgbìmọ̀, ó sì yí i dé òpin. Mo kígbe, ẹ́ńjìnnì kígbe jù mí lọ.

Ẹja náà kọ́kọ́ húkọ́. Ẹrẹ̀ ọdún mẹ́rin ló fi bẹ̀rẹ̀. Omi wá tẹ̀lé e, kò lọ sókè nítorí kò sí orí tí yóò darí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló gbà, ó sì bá alága ìgbìmọ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ọ̀la. Omi kan àsíá. Aró pupa bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí aṣọ funfun. Ẹnì kan pariwo pé wọ́n ti yìnbọn lu alága, ìdajì àwọn èrò dojúbolẹ̀ bí a ti ṣe kọ́ ọ nígbà ogun, alága fúnra rẹ̀ ń tú bọ́tìnnì kó lè rí ibi tí ọta ti wọlé. Olórí nọ́ọ̀sì ló sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní aró ni. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó tẹ̀ lé e rín, ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn rín, àwọn tó dojúbolẹ̀ ń rín láìdìde. Àwọn ọmọ iléèwé bọ́ sínú omi náà. N kò gbọ́ kí ìlú yìí rẹ́rìn-ín pa pọ̀ látìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, kódà lọ́jọ́ tó parí.

Ọ̀gá àyẹ̀wò kò rín. Ọkọ mi dúró ṣánṣán, ó ní orin àtijọ́ ló gbé òun lọ. Ọ̀gá Omi ṣàlàyé irọ́ ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ tó ti wọ̀ ọ́ lórí ni kò tíì jáde. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn sójà kò wẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọ̀gá àyẹ̀wò, ó mú un dúró. Ó kọ ọ́ síwèé pé ọkọ mi kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ó yí kẹ̀kẹ́ náà padà fúnra rẹ̀, omi sì rọ̀ sí i lára láti ẹnu páìpù tí a fi fìlà kì. Èyí tó jẹ́ kí agbòjò wúlò nìyẹn.

Mo ṣí omi ilé ẹ̀kọ́. Ojú ń tì mí fún ọkọ mi. Ṣebí èmi ni mo kó orin yẹn sí i lórí, tí mo tún wá yí ògiri padà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ méjì. Ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìwé ìgbìmọ̀ ti dé kí n tó jáde láàárọ̀ yìí. Kí n máa bá iṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀. Ìwé tó gbé mi wọ iṣẹ́ yìí ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, fún ìgbà díẹ̀ náà ló wà nínú rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ti bọ́ síta láti ìdájí. Mo gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó kọ́lékọ́lé pé àwọn ọ̀gá ogun ló rán ọmọ àwọn lọ sí ilé búrẹ́dì, iṣẹ́ àṣírí ni, àti pé ìgbà tí àwọn ọ̀tá tọ́ búrẹ́dì rẹ̀ wò ni wọ́n túúbá. N kò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Afárá méjèèjì ti wó lulẹ̀ nìyẹn, a kò sì ní gbọ́ nípa wọn mọ́.

Mo wọ ilé ìdáná láti bẹ ọkọ mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: pé ẹ̀bi mi ni, pé ká lọ bá ọ̀gá àyẹ̀wò kó tún un dán wò. Àbíkẹ́yìn wa wà lórí tábìlì, ó ń ní, "Bàbá, èyí tó jóná díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún mi." Bàbá rẹ̀ sì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó jókòó. Ó fẹ̀yìn ti Fún Arìnrìn-àjò Nìkan, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń jẹun.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò fò lọ. Mo dúró wò ó.

"Bàbá wa," mo ní, "ògiri yẹn lánàá. Ṣé ẹ kà á?"

Ó bu búrẹ́dì, ó nà án sí mi.

"Mo kà á dáadáa."